Tọkọtaya 415 ní Rakai

Ní oṣù mẹ́wàá-mẹ́wàá, láti ọdún 1994 títí di 1998, àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní abúlé 56 ní àgbègbè Rakai, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà. Wọ́n á kí onílé, wọ́n á pe oníkálukú sí kọ̀rọ̀, wọ́n á bi í léèrè bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á gba ìtọ̀, wọ́n á fún un ní oògùn, kí wọ́n tó kọjá sí ilé tó kàn. Ẹni ọdún 15 sí 59 ni wọ́n ń wá. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ á wọ ìgò tirẹ̀, ti ìyàwó á wọ ìgò tirẹ̀.

Ní ilé kan, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì mọ́, kò sí HIV, kòkòrò tó ń fa éèdì, níbẹ̀. Ní ilé mìíràn, àwọn méjèèjì ló ti kó o. Àmọ́ ilé kan tún wà tí kòkòrò wà lára ọ̀kan tí kò sí lára èkejì. Irú ilé bẹ́ẹ̀ 415 ni àwọn olùwádìí rí láàárín ènìyàn 15,127. Wọ́n tẹ̀ lé wọn, àwọn kan títí di ọdún méjì ààbọ̀. Kí ó tó parí, 90 nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti kó kòkòrò náà.

Ìtàn àwọn 415 yìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Kò sí dókítà tó ń tọ́jú HIV lónìí, ì báà jẹ́ ní Kampala tàbí ní Ìbàdàn, tí kì í fi ohun tí ẹ̀jẹ̀ wọn kọ́ wa ṣiṣẹ́. Mo sì rò pé ẹni tó bá ń jẹ èrè ìmọ̀ náà yẹ kó mọ ohun tí wọ́n san lé e.

Ẹnu ààlà Ùgáńdà àti Tànsáníà ni Rakai wà, Adágún Victoria sì ni omi tó bá a pààlà ní ìlà-oòrùn nígbà náà. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ matooke ni wọ́n ń sè jẹ, kọfí ni wọ́n ń tà. Àwọn tó wà létí omi ń pẹja. Ojú ọ̀nà àwọn tírélà tó ń ti Mombasa lọ sí Rùwáńdà gba àgbègbè náà kọjá, Lyantonde, tó wà lábẹ́ Rakai nígbà náà, sì jẹ́ ibi tí àwọn awakọ̀ ti máa ń sùn mọ́jú. Ní ọdún 1979, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ogun Tànsáníà gbà wọlé nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá lé Idi Amin kúrò lórí oyè. Ọjà, ọ̀nà, ogun àti omi pàdé síbẹ̀.

Kasensero, èbúté àwọn apẹja kan létí adágún náà, ni ikú ti kọ́kọ́ fojú hàn ní nǹkan bí ọdún 1982. Ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ìgbẹ́ gbuuru á dè é mọ́lẹ̀, ibà á máa wá, á máa lọ, títí awọ á fi lẹ̀ mọ́ egungun. Siriimu ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe ẹni tín-ín-rín ni wọ́n yí sí èdè wọn. Ọ̀pọ̀ ní Kasensero gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníṣòwò Tànsáníà ni, pé ọmọ Ùgáńdà kan ló rẹ́ wọn jẹ lórí ọjà tí wọ́n sì fi oògùn gbẹ̀san. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ní èdè tiwa, èèdì ni ohun tí wọ́n fi ń di ènìyàn kí ó má mọ ohun tó ń ṣe, éèdì sì ni orúkọ tí àrùn yìí ń jẹ́ lẹ́nu wa. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ ládùúgbò rẹ̀ rí pé, "Wọ́n fi ṣe é ni"?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, àwọn dókítà láti Yunifásítì Makerere ní Kampala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ nípa siriimu sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. David Serwadda àti Nelson Sewankambo wà lára wọn, wọ́n sì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà. Ibi tí àrùn náà gbé le jù lọ ni wọ́n lọ, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé kòkòrò tó ń pa àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà náà ló wà lára àwọn ará Rakai. Kò tó ọdún mẹ́ta sí ìgbà náà tí àwọn méjèèjì yìí, pẹ̀lú Maria Wawer tó wà ní Columbia University nígbà yẹn àti Ronald Gray ti Johns Hopkins, dá iṣẹ́ ìwádìí tí kò dáwọ́ dúró sílẹ̀ ní Rakai. Ó ń lọ títí di òní, Kalisizo sì ni ibùjókòó rẹ̀.

Ó yẹ kí a rántí pé Ùgáńdà kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ bí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe fi í pa mọ́. Philly Lutaaya, olórin tí gbogbo wọn fẹ́ràn, fẹnu ara rẹ̀ sọ ní ọdún 1989 pé òun ní in, ó sì ń rìn láti ilé ìwé dé ilé ìjọsìn, ó ń sọ̀rọ̀ títí tó fi kú ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní ilẹ̀ tiwa, oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Fela kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló dúró níwájú àwọn oníròyìn tó sọ pé éèdì ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí i pé ó sọ ọ́. Lásìkò kan náà yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ Rakai wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn abúlé wọn, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀.

Kì í ṣe nítorí tọkọtaya ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà. Ìbéèrè tí wọ́n gbé lọ ni pé, bí a bá wo àwọn àrùn ìbálòpọ̀ yòókù sàn, àtọ̀sí, sífílíìsì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ṣé HIV kò ní dín kù? Ìdí wà tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀. Egbò ojú ara jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún kòkòrò. Ní Mwanza, ní ìhà Tànsáníà adágún náà, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1995 fi hàn pé níbi tí ilé ìwòsàn ti ń tọ́jú àwọn àrùn wọ̀nyí dáadáa, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó HIV dín kù ní nǹkan bí 40 nínú 100. Rakai gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n pín àwọn abúlé sí ìsọ̀rí mẹ́wàá. Ní márùn-ún, gbogbo àgbàlagbà ni wọ́n fún ní oògùn apakòkòrò, bóyá ara ń yọ wọ́n lẹ́nu tàbí kò yọ wọ́n lẹ́nu. Ní márùn-ún yòókù, fítámì àti oògùn aràn ni wọ́n pín. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tó kó HIV, ìhà méjèèjì dọ́gba: ẹnì kan ààbọ̀ nínú 100 lọ́dún. Ìrètí náà ṣá, wọ́n sì dá a dúró.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ náà ṣì wà nínú fìríìsà.

Inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi hàn kedere rí wà. Àwọn dókítà ti ń fura tipẹ́ pé bí kòkòrò bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rọrùn tó fún un láti kó o ran ẹlòmíràn. Ìfura kò tó ẹ̀rí. Láti rí ẹ̀rí, a ní láti mọ ẹni tó ní in, ká mọ iye tó wà lára rẹ̀, ká mọ ẹni tí wọ́n jọ ń sùn, ká sì dúró wò ó. Dídúró wò ó yìí ló dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Thomas Quinn, dókítà olùwádìí kan láti Amẹ́ríkà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ èsì náà jáde. Nínú ilé 228, ọkọ ló ní kòkòrò. Nínú 187, ìyàwó ni. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé nínú ilé wa, àti nínú ọ̀pọ̀ ìwàásù tí mo ti gbọ́, ọkùnrin ló máa ń gbé e wálé. Ní Rakai, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì sí ìdajì, bí ọkọ sì ṣe ń kó o ran ìyàwó náà ni ìyàwó ń kó o ran ọkọ: nínú 100 tí ara wọn mọ́, nǹkan bí 12 ló ń kó o lọ́dún, ní ìhà méjèèjì. Ohun tó bá ojú ló ń bá imú. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 19 ló ń tètè kó o jù.

Lẹ́yìn náà ni iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Níbi tó ti tó 50,000 nínú mìlílítà kan tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni 23 nínú 100 ló ń kó o lọ́dún kan. Bí iye náà ṣe ń wálẹ̀ ni ewu ń wálẹ̀. Àwọn 51 kan sì wà tí tiwọn kò tó 1,500. Wọn kò mu oògùn kankan, ara wọn ló ń dá a dúró fúnra rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú ọkọ tàbí ìyàwó àwọn 51 yìí tó kó kòkòrò náà.

Ohun kẹta jẹ mọ́ abẹ́. Nínú àwọn ọkọ tí ìyàwó wọn ní kòkòrò, 137 ni a kò dá abẹ́ fún, 50 ni a dá abẹ́ fún. Nínú 137, 40 kó o. Nínú 50, kò sí ẹnì kankan. Ọmọ Yorùbá tó bá kà á lè rò pé kí ló tún kù, nítorí pé lọ́dọ̀ wa olóòlà kì í jẹ́ kí ọmọkùnrin pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn Baganda, ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Rakai, kì í dá abẹ́ nínú àṣà wọn. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n dá abẹ́ fún ní Rakai, Mùsùlùmí sì ń ṣàlùwàlá, wọn kì í mutí, ìgbé ayé wọn yàtọ̀. Ṣé abẹ́ ni, àbí ẹ̀sìn? Èsì yìí nìkan kò lè yanjú rẹ̀, àwọn olùwádìí náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2000 ni New England Journal of Medicine tẹ èsì náà jáde. Nínú ìtẹ̀jáde kan náà, Marcia Angell, tó jẹ́ olóòtú àgbà ìwé ìròyìn náà nígbà yẹn, kọ àpilẹ̀kọ tirẹ̀ sí i. Ó ní ìmọ̀ tó wà nínú rẹ̀ tóbi, òun sì gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n a kò lè ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà láé. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní HIV yóò rí oògùn. Wọn yóò wá ọ̀nà tí ẹni tí wọ́n jọ ń sùn yóò fi mọ̀. Ní Rakai, wọ́n mọ ẹni tó ní in àti ẹni tí kò ní, wọ́n mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọ ń sùn lórí ẹní kan náà, wọ́n sì ń padà wá ní oṣù mẹ́wàá-mẹ́wàá wá gba ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn ní ìhà tí wọn kò ti pín apakòkòrò, wọ́n ní kó lọ wá ìtọ́jú. Angell ní ojúṣe olùwádìí sí ẹni tó fún un ní ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ dín kù nítorí pé orílẹ̀-èdè onítọ̀hún jẹ́ tálákà.

Àwọn olùwádìí fèsì, ìdáhùn wọn kò sì fúyẹ́. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó fẹ́ mọ èsì tirẹ̀ ló ní ànfàní láti mọ̀ ọ́n, ní ìkọ̀kọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú olùgbaninímọ̀ràn tí yóò jókòó tì í. Wọ́n rọ̀ wọ́n kí wọ́n sọ fún ọkọ tàbí ìyàwó, kí wọ́n sì jọ wá. Rọ́bà ìdáàbòbò wà fún gbogbo wọn láìgba kọ́bọ̀. Òfin ìjọba Ùgáńdà ló ní òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ tú àṣírí ẹnì kan fún ẹnìkejì láìgba àṣẹ. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí à ń ṣèwádìí lé lórí, ní Ùgáńdà àti ní Amẹ́ríkà, ti yẹ ètò náà wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ti oògùn ńkọ́? Kò sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní abúlé Ùgáńdà kankan.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. N kò gbà pé ìkà ènìyàn ni wọ́n. Serwadda àti Sewankambo jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń sìnkú lójoojúmọ́, ìmọ̀ràn àti oògùn kéékèèké tí iṣẹ́ wọn gbé dé Rakai sì ju ohun tí ìjọba gbé débẹ̀ lọ. N kò sì gbà pé ìwà òmùgọ̀ ni òfin àṣírí yẹn. Láti inú iṣẹ́ Rakai yìí kan náà ni ìwádìí mìíràn ti jáde ní ọdún 2003, lórí obìnrin tó lé ní 5,000. Nínú obìnrin mẹ́wàá, mẹ́ta ló sọ pé ọkọ tàbí ẹni tí àwọn jọ ń gbé ti lu òun rí tàbí ti halẹ̀ mọ́ òun pé òun yóò lù ú. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí òṣìṣẹ́ ìlera bá wọlé tó sì sọ fún ọkọ pé, "Ìyàwó yín ní in," obìnrin náà lè má rí ibi sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Rántí pé obìnrin ló ní in nínú ilé 187.

Síbẹ̀ ọ̀nà kẹta wà, ibẹ̀ ni mo ti ń bá wọn jà nínú ọkàn mi. Ní Kigali, olú ìlú Rùwáńdà, tí kò jìnnà sí Rakai, ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n pe ọkọ àti ìyàwó jókòó pọ̀, kí wọ́n jọ gba èsì pọ̀, kí olùgbaninímọ̀ràn wà láàárín wọn. Èsì iṣẹ́ náà ti jáde nínú British Medical Journal láti ọdún 1992. Nínú àwọn tọkọtaya tí ọ̀kan ní kòkòrò tí èkejì kò ní, 4 nínú 100 ló ń lo rọ́bà kí wọ́n tó mọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti di 57 nínú 100. Kò sí ẹni tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀, torí àwọn méjèèjì ló fẹsẹ̀ ara wọn wá. Rírọ ènìyàn pé kó lọ sọ fún aya rẹ̀ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí kí ènìyàn mìíràn jókòó tì wọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ń jáde lẹ́nu. Ẹni tó bá ti gbìyànjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá, láàárín òun àti ẹnìkejì rẹ̀ nìkan, mọ̀ pé ẹnu máa ń wúwo. Ní Rakai, ìjókòó méjèèjì papọ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ó yẹ kó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ṣáájú, kí wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ fún un láti ilé dé ilé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lọ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀.

A máa ń sọ pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni, ayé sì kọ́gbọ́n lára àwọn 90 yẹn. Àmọ́ ẹni tí òwe náà ń sọ ni ẹni tó ń lọ tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé kòtò wà lójú ọ̀nà.

Ní ti oògùn, ẹ̀bi náà kọjá àwọn olùwádìí. Ní ọdún 2000, owó oògùn tó ń kápá HIV fún ẹnì kan lọ́dún kan lé ní 10,000 dọ́là ní àwọn ilẹ̀ olówó. Láti ọdún 1996 ni ayé ti mọ̀ pé àdàlù oògùn mẹ́ta ń gbé ẹni tó ń kú lọ dìde. Oṣù kejì ọdún 2001 ni Cipla, ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Íńdíà, kéde pé òun lè ta oògùn náà ní 350 dọ́là lọ́dún. Oògùn kan náà! Ohun tó wà láàárín iye méjèèjì yẹn ló wà láàárín Rakai àti ìyè, ẹni tó sì ń gba ẹ̀jẹ̀ ní Lyantonde kò ní agbára lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000 kan náà, ní Edinburgh, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé tún Ìkéde Helsinki kọ, wọ́n sì fi sínú rẹ̀ pé bí ìwádìí bá parí, ẹni tó kópa gbọ́dọ̀ rí ìtọ́jú tó dára jù tí ìwádìí náà fi hàn. Rakai nìkan kọ́ ló fa ìyẹn. Àríyànjiyàn lórí ìwádìí éèdì ní ilẹ̀ tálákà ti ń jà láti ọdún 1997.

Oṣù kẹfà ọdún 2004 ni oògùn dé Rakai lọ́fẹ̀ẹ́, láti inú owó PEPFAR tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Ẹni tó bá kó kòkòrò tí kò rí oògùn sábà máa ń gbé nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kó tó kú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó ti ní in lára kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1994.

Ohun tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn kọ́ wa kò dúró. Lórí ọ̀rọ̀ abẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tòótọ́ ní Rakai: ọkùnrin 4,996 tí wọn kò ní kòkòrò, tí wọn kò tíì dá abẹ́ fún, tí wọ́n sì ṣetán láti dá a. Wọ́n dá ti àwọn kan lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí àwọn yòókù dúró fún ọdún méjì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, wọ́n dá a dúró kí àkókò tó pé, nítorí pé ní ìhà àwọn tí wọ́n ti dá abẹ́ fún, iye tó ń kó HIV jẹ́ ìdajì ti ìhà kejì. Irú ìwádìí kan náà ní Kisumu ní Kẹ́ńyà rí ohun kan náà, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i. Ní Rakai, nínú ọkùnrin 100, 15 ni wọ́n dá abẹ́ fún ní ọdún 1999. Ní ọdún 2016, ó ti di 59.

Wọ́n tún wádìí bóyá dídá abẹ́ fún ọkùnrin tó ti ní kòkòrò yóò dáàbò bo ìyàwó rẹ̀. Kò dáàbò bò ó. Nínú ìyàwó àwọn tí wọ́n dá abẹ́ fún, 18 nínú 100 ló kó o láàárín ọdún méjì. Ní ìhà kejì, 12. Àwọn tí kò ní sùúrù kí ojú egbò jinná ni ewu tiwọn pọ̀ jù. Ìyẹn náà jáde lára tọkọtaya, ní ọdún 2009.

Ní ti àwọn 51 yẹn, àwọn tí iye kòkòrò wọn kò tó 1,500, àwọn ni wọ́n ṣí ojú àwọn onímọ̀ sí ohun tó tóbi jù. Bí ẹni tí ara rẹ̀ ń dá kòkòrò dúró kò bá ń kó o ran ẹnìkejì rẹ̀, ẹni tí oògùn bá dá tirẹ̀ dúró ńkọ́? Ní ọdún 2011, ìwádìí ńlá kan lórí tọkọtaya 1,763 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án dáhùn rẹ̀: oògùn tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ dín kíkó ran ẹnìkejì kù ní 96 nínú 100. Nínú ìwádìí yẹn, àwọn méjèèjì mọ̀. Wọ́n jọ ń wá. Wọ́n fún wọn ní ìmọ̀ràn àti rọ́bà, ẹni tó bá sì nílò oògùn rí i. Bí ìwádìí ṣe yẹ kó rí ni.

Òfin Ùgáńdà lórí àṣírí náà yí padà, ó sì yí padà rékọjá ààlà lójú tèmi. Òfin HIV àti éèdì tí Ààrẹ Museveni fọwọ́ sí ní ọdún 2014 gba òṣìṣẹ́ ìlera láyè láti sọ èsì ẹnì kan fún ẹni tí wọ́n jọ ń sùn, ó sì sọ ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kó o ran ènìyàn di ọ̀daràn. Obìnrin tó mọ̀ pé èsì òun lè dé etí ọkọ òun láìjẹ́ pé òun gbà, tó sì mọ̀ pé ẹjọ́ wà níwájú, ó lè pinnu pé òun kò ní ṣe àyẹ̀wò rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló máa ń kọ́kọ́ ṣe é, nígbà tó bá lóyún. Láti orí ká má sọ nǹkan kan rárá, wọ́n bọ́ sórí ká fi tipátipá sọ ọ́, wọ́n sì fo ìjókòó tọkọtaya tí Kigali ti fi hàn wá kọjá.

Ní abúlé 30 tí wọ́n tẹ̀ lé ní Rakai àti àyíká rẹ̀, láti ọdún 1999 títí di 2016, àwọn tó sọ pé àwọn ń lo oògùn láàárín àwọn tó ní HIV kúrò ní 12 nínú 100 ní ọdún 2006, wọ́n di 69 ní ọdún 2016. Àwọn tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o dín kù ní 42 nínú 100 sí iye tó wà ṣáájú. Ní àwọn èbúté apẹja, níbi tí nǹkan bí ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá ti ní in, àwọn tó ń kó o lọ́dún láàárín 100 wálẹ̀ láti 3.43 ní ọdún 2011 sí 1.59 ní ọdún 2017. Àwọn apẹja yìí ni gbogbo ayé ń nàka sí pé àwọn ló ń tan àrùn kálẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi àbùdá kòkòrò náà tọ ipasẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé èyí tó ń ti ìgbèríko wọ èbúté pọ̀ ju èyí tó ń ti èbúté lọ sí ìgbèríko lọ.

Òṣìṣẹ́ tó bá kan ilẹ̀kùn ní Kalisizo tàbí Kasensero lónìí ṣì ń bi ènìyàn ní ìbéèrè níkọ̀kọ̀, ó ṣì ń gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò. Bí kòkòrò bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ó ní ibi tó máa darí onítọ̀hún sí, kí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá ń mu ún déédéé, láàárín oṣù díẹ̀, iye tirẹ̀ náà yóò wálẹ̀ síbi tí ti àwọn 51 wà, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ kò sì ní kó o lára rẹ̀.